Ẹ ki ọwọ́ bọ kóńgò kí ẹ tó ná ọkọ̀

Ní Òkè-Ajé, ẹni tó bá fẹ́ rẹ́ni jẹ kì í fọwọ́ kan owó. Iye tí gbogbo ọjà ń ta gààrí lòun náà á pè, nígbà mìíràn á tilẹ̀ dín díẹ̀ nínú ẹ̀ kí ojú yín lè fà síbẹ̀. Ìdí kóńgò ló ń bá ṣiṣẹ́. Á da kóńgò dé, á fi ọmọ odó lu ìdí rẹ̀ títí yóò fi kó wọnú bí ikùn ẹni tí ebi ń pa. Lẹ́yìn náà á bu gààrí sí i, á kó o gègèrè lókè. Òkè lojú yín á máa wò. Ẹ ò ní mọ̀ pé ìkúnwọ́ méjì ti lọ nísàlẹ̀. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń ta gààrí Ìjẹ̀bú, kí n tó bá ẹnikẹ́ni ná nǹkan kan, mo kọ́kọ́ ń ki ọwọ́ bọ inú kóńgò rẹ̀ ná.

Èmi yìí kan náà ló lọ ra ọkọ̀ l'Ékòó ní 2019, tí mi ò ki ọwọ́ bọ ibì kankan.

Camry 2004 ni, èyí tí wọ́n ń pè ní Big Daddy. 2,100,000 náírà ni wọ́n pè é. Mo ná an bí ẹni ń ná ẹja: mo bínú, mo rẹ́rìn-ín, mo dìde, mo tún jókòó, a sì parí ẹ̀ sí 1,850,000. Inú mi dùn débi pé ibẹ̀ ni mo ti pe ọkọ mi lórí fóònù, mo ní mo já 250,000 gbà lọ́wọ́ àwọn ará Èkó. Mi ò tíì fi fóònù sínú báàgì tán tí wọ́n mú bébà kan wá. Owó ìwé, 95,000. Owó ẹ̀jẹ́ńtì tó mú mi débẹ̀, tí mo ti rò pé àwọn tó ni ọkọ̀ ló ń sanwó fún, 50,000. Bátìrì ti kú, 28,000. Kò sí táyà ìpamọ́, kò sí jáàkì, 22,000. Owó tí wọ́n fi fọ ọkọ̀, 5,000. Owó géètì, 5,000. Ẹ má bi mí ohun tó ń jẹ́ owó géètì. Nígbà tí mo délé tí mo ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, 2,055,000 ló jáde lápò mi. Gbogbo ariwo tí mo pa lọ́jọ́ yẹn, 45,000 péré ló já sí.

Ọ̀rọ̀ ènì ló dùn mí jù nínú ẹ̀. Bí ẹ bá ra kóńgò mẹ́wàá lọ́wọ́ mi, màá bu ìkúnwọ́ kan lé e fún yín, ẹ ò tilẹ̀ ní bèèrè kí n tó bù ú. Ọlọ́jà ló ń fi ènì fún oníbàárà. Àwọn tó ń ta ọkọ̀ ti dojú ẹ̀ dé, oníbàárà ló ń bu ènì fún ọlọ́jà, ó sì máa ń bù ú lẹ́ẹ̀mẹfà, lẹ́ẹ̀meje.

Lọ́dún yìí, Camry ò gbé ẹrù mi mọ́. Àpò mẹ́fà ló ń gbà tí mo bá yọ àga ẹ̀yìn kúrò, bẹ́ẹ̀ sì rèé, owó tí mo ń san fún àwọn tó ń bá mi kó gààrí láti Ìjẹ̀bú-Igbó àti Agọ́-Ìwòyè ti fẹ́ẹ̀ jẹ èrè mi tán. Sienna ni gbogbo ẹlẹ́rù ń lò báyìí. Mo gba owó díẹ̀ nínú ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù wa, mo fi àjọ mi kún un, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kiri.

Ṣàgámù ni mo kọ́kọ́ lọ, torí àbúrò mi obìnrin ń gbé ní Mákùn. Ọkùnrin tí a bá níbẹ̀ pe Sienna 2006 kan ní 7,300,000. Mo bi í pé, tí mo bá fẹ́ wà á jáde lónìí pẹ̀lú ìwé àti nọ́ńbà tirẹ̀, èló ni gbogbo ẹ̀? Ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ parí iye ọkọ̀ ná. Ìyókù ò tó nǹkan." Mo ní bí kò bá tó nǹkan, kí ó kúkú fi sínú ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Mo bi í lẹ́ẹ̀kejì, ó tún rẹ́rìn-ín, ó ní kí n san àsansílẹ̀ díẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà gbé e lọ. Àbúrò mi rò pé mo le jù. Mo ní kí ó jẹ́ ká lọ jẹ ìkókóré nílé ẹ̀.

Mo lọ sí ibòmíràn méjì sí i lọ́jọ́ kejì, mo kàn ń béèrè ni, mi ò ná nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo apá yìí. Ẹni tí kò mọ iye tí wọ́n ń ta nǹkan níbi mẹ́ta, ẹnu lásán ló ń ná.

Ibi tí mo ti wá rà á, ẹ̀gbẹ́ títì Ìbàdàn níbí, ní Ìjẹ̀bú-Òde ni. Ọmọkùnrin kan tí bàtà rẹ̀ ń dán ló pàdé mi. "Mọ́mì mi, ẹ kú àbọ̀. Sienna 2008 rèé, tòkunbọ̀ gidi, 8,200,000. Ojúde Ọba sì ti ń bọ̀ o, ọkọ̀ kì í pẹ́ níbí lásìkò yìí." Mo ní ẹrù gààrí ni mo fẹ́ fi kó, mi ò bá wọn gẹṣin lọ́jọ́ kẹta Iléyá. Ó rẹ́rìn-ín, ó wá bi mí ní ìbéèrè tí gbogbo wọn máa ń bi èèyàn: "Èló lẹ mú bọ̀ láti ná?" Ìbéèrè yẹn ò ní ìdáhùn. Iye tí ẹ bá dá, ibẹ̀ ni iye ọkọ̀ máa wá bá yín, ì báà jẹ́ pé ibi tó rẹlẹ̀ ju ibẹ̀ lọ ló wà tẹ́lẹ̀. Mo ní owó ọkọ̀ ni mo wá gbọ́, kì í ṣe owó mi.

Ó gba ọ̀nà mìíràn yọ. "Ṣé ẹ lè máa san 450,000 lóṣooṣù? Ẹ kàn máa gbé 4,000,000 sílẹ̀ ni." Ó dùn létí. 450,000 kì í ṣe owó tó ń bani lẹ́rù bíi mílíọ̀nù mẹ́jọ. Mo bi í pé oṣù mélòó? Ó ní méjìlá. Mo yọ ìwé tí mo fi ń kọ owó oníbàárà, mo rò ó níwájú ẹ̀: méjìlá lọ́nà 450,000 jẹ́ 5,400,000. Ẹ fi mẹ́rin àkọ́kọ́ kún un, ó di 9,400,000. Ọkọ̀ tí ó pè ní 8,200,000 ní ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn ti fi 1,200,000 wúwo sí i, a ò sì tíì kúrò lójú kan. Ọmọ náà wo ìwé mi, ó ní òun ń bọ̀, ó lọ pe Alhaji, ọ̀gá rẹ̀ tó ni ibẹ̀, jáde.

Mi ò ná nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. Mo padà wá lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú mẹkáníìkì mi, Bàbá Ìbejì.

Bàbá Ìbejì kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó lọ tààrà síbi gíláàsì iwájú lọ́wọ́ òsì, ó fi ìka nu eruku, ó ní kí n wá ka nọ́ńbà ṣáṣì tó wà níbẹ̀ sókè fún òun. Mẹ́tàdínlógún ni gbogbo ẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà pa pọ̀. Ó ní kí n ka á dé ìkẹwàá. Mo kà á. "Kí ló wà níbẹ̀?" Mo ní mẹ́fà. Ó ní, "2006 nìyẹn. Ká ní 2008 ni, mẹ́jọ ló yẹ kí ẹ bá níbẹ̀. Tó bá jẹ́ 2010 ni, A lẹ máa rí." Gbogbo ọdún tí mo fi ń wa ọkọ̀, mi ò mọ̀ pé ọjọ́ orí ọkọ̀ wà lára ẹ̀ báyẹn, bí ilà ojú.

Lẹ́yìn náà ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó ní ẹ́ńjìnnì líta 3.3 nìyí, 2007 ni Toyota gbé 3.5 sínú Sienna, torí náà ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú ti jẹ́rìí. Ó wá mẹ́nu ba ohun kan tí mi ò rò rárá. Ti 3.5 ń lo ṣéènì, ṣùgbọ́n bẹ́líìtì ni 3.3 yìí ń lò láti yí inú ẹ́ńjìnnì, àwọn tó ṣe é sì ní kí wọ́n máa pààrọ̀ ẹ̀ tó bá ti rin 90,000 máìlì. A wo ojú ìwọ̀n: 131,000. Bàbá Ìbejì wá káàkiri inú bọ́nẹ́ẹ̀tì bóyá ẹni tó lò ó l'Amẹ́ríkà lẹ bébà kankan síbẹ̀ pé òun ti pààrọ̀ ẹ̀. Kò sí. Ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé jẹ́jẹ́. "Tí eléyìí bá já pẹ̀lú ẹrù lórí títì Benin, ibẹ̀ lẹ máa sùn." Bẹ́líìtì, pọ́ǹpù omi àti iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀, ó ṣírò ẹ̀ sí 165,000.

Alhaji ti ń wò wá látòkèèrè. Nígbà tí mo sọ fún un pé 2006 ni, ó ní ẹni tó gbé e wá fún òun ló sọ pé 2008. Bóyá òótọ́ ni, bóyá irọ́ ni. Mi ò bá a jà. Èèyàn kì í dójú ti ọlọ́jà tó fẹ́ rajà lọ́wọ́ ẹ̀ níwájú ọmọ iṣẹ́ ọlọ́jà náà. 2006 kan náà sì ni wọ́n pè ní 7,300,000 ní Ṣàgámù, kí n tó ná an rárá.

Mo ní, "Alhaji, ẹ má jẹ́ ká ná ọkọ̀. Ẹ jẹ́ ká ná ọkọ̀ tó ti dúró síwájú ilé mi ní Mòlípà." Kò yé e. Mo ṣí ìwé mi, mo kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan: ọkọ̀ fúnra ẹ̀, ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, nọ́ńbà lórúkọ mi, láísẹ́ǹsì ọkọ̀, ìnṣọ́ráǹsì, ìwé ẹ̀rí pé ọkọ̀ dára lójú pópó, bátìrì tó ń ṣiṣẹ́, táyà ìpamọ́, jáàkì, kọ́kọ́rọ́ méjì. Mi ò kọ owó síwájú ìkankan nínú wọn. Mo fa ilà nísàlẹ̀ gbogbo ẹ̀, mo ní kí ó kọ iye kan ṣoṣo sábẹ́ ilà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti sọ fún mi pé owó ìwé jẹ́ 180,000. Mo ti lọ sí ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì lọ béèrè, iye tí wọ́n sọ fún mi fi díẹ̀ ju ìdajì ìyẹn lọ. Ìnṣọ́ráǹsì third party fún ọkọ̀ àdáni, gbogbo ayé mọ̀ pé 15,000 ni láti oṣù kìíní 2023. Ṣùgbọ́n mi ò sọ fún Alhaji pé mo mọ̀. Bí mo bá ní kí ó dín owó ìwé, á dín in, á sì gbé e lọ sórí nǹkan mìíràn. Àpò gààrí tí kò kún dáadáa ni: ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ kan, á yọ gọbọ níbòmíràn. Ẹnu àpò ni kí ẹ dì mú.

Ó wo ìwé náà títí. Ará Ìlọrin ni. Ó ní, "Màámi, wọ́n ti sọ fún mi kí n tó wá sí ìlú yìí pé ẹni tó bá fẹ́ bá Ìjẹ̀bú ṣòwò, kó jẹun yó kó tó jáde." Mo ní ṣé ó ti jẹun? Ó ní rárá. Bàbá Ìbejì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ó kọ 7,900,000. Mo fagi lé e, mo kọ 6,600,000. Ó ní 7,600,000, ó wá nawọ́ sí Camry mi tó wà níta: "Ẹ kúkú fi Big Daddy yẹn kún un. Màá gbà á ní 2,700,000." Mo mọ̀ pé ọkọ̀ mi ò tó bẹ́ẹ̀ lọ́jà. Ẹni tó bá fún yín ní iye tó ju ti ọkọ̀ yín lọ, ẹ lọ wo ibi tó ti máa gbà á padà. Ojú ẹsẹ̀ náà ni Sienna padà di 8,000,000 lẹ́nu ẹ̀, ó ní nítorí wàhálà àtita Camry. Mo ní Camry ò sí lórí ìwé yìí. Ká parí ìwé yìí ná, tí a bá ṣetán ká mú ìwé mìíràn. (Mo padà tà á fún tíṣà kan ládùúgbò wa ní 2,500,000, owó gidi.)

Mo gòkè dé 6,850,000. Ó sọ̀ dé 7,300,000, ó dúró síbẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, a wọkọ̀, a lọ. Kì í ṣe pé mò ń díbọ́n bíi ti ọjọ́ Èkó. Lóòótọ́ ni mo ń lọ. Tí ó bá jẹ́ pé 7,300,000 ni yóò dúró lé, èmi á kúkú padà sí Ṣàgámù.

Ọjọ́ Ajé ni fóònù dún, mo wà nídìí gààrí. "Màámi, 7,050,000. Gbogbo ohun tó wà nínú ìwé yín. Ṣùgbọ́n mi ò ní fọwọ́ kan bẹ́líìtì o." Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Tí n bá fi 165,000 Bàbá Ìbejì kún un, 7,215,000 ni Sienna máa jẹ́ fún mi. Ti Ṣàgámù jẹ́ 7,300,000 láìsí ìwé, láìsí nọ́ńbà, bẹ́líìtì tirẹ̀ ń bẹ níbẹ̀ bákan náà. Ṣé mo lè rí i já wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n Alhaji náà ní ilé tó ń bọ́, mi ò sì fẹ́ kí ó rí èmi bí mo ti rí àwọn ará Èkó yẹn. Mo ní kí ó dúró dè mí.

Ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù ni mo kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2017 ni ìjọba ti ní kí ọkọ̀ má gba ibodè orí ilẹ̀ wọlé mọ́, àfi ti ojú omi. Síbẹ̀, èyí tó gba inú igbó wá pọ̀ lójú títì, tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù bá sì dá a dúró, ẹni tó jókòó sídìí ọkọ̀ ni wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, kì í ṣe ẹni tó tà á. Mo fi ìka tẹ nọ́ńbà ṣáṣì inú ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ bàtà dídán ń ka ti ara ọkọ̀ sókè fún mi, mẹ́tàdínlógún. Wọ́n bá ara wọn mu. Alhaji fẹ́ kí n fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì ara ẹ̀ "kó lè yá". Mo ní orúkọ tó wà lórí pátákó ìta ni màá fi ránṣẹ́ sí. Mo ní kí wọ́n kọ rìsíìtì: orúkọ mi, nọ́ńbà ṣáṣì, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, 7,050,000 pẹ̀lú lẹ́tà, àti gbogbo ohun tó wà nínú owó náà.

Ọjọ́ Ẹtì ni nọ́ńbà jáde, Gateway State lókè, orúkọ mi lórí ìwé. Bí mo ṣe fẹ́ wọlé sínú ọkọ̀, ọmọ náà fọwọ́ kan ẹ̀yìn orí. "Mọ́mì mi, ó ku 10,000 owó ìfọkọ̀." Mi ò sọ̀rọ̀. Mo ṣí ìwé mi, mo fi ìka tẹ ilà tó wà nísàlẹ̀. Ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Màámi, ẹ ti mú wa." Mo wá fún un ní 2,000 láti ọwọ́ ara mi. Ìyẹn ni ènì, ọwọ́ mi ló ti jáde.

Mo wakọ̀ jáde pẹ̀lú orí yíyá, mo ń gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mi ò tíì rìn jìnnà tí iná pupa kan tàn lójú ìwọ̀n. Mo rò pé bẹ́líìtì ni, àyà mi já. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo pe Bàbá Ìbejì, ó ní kí n ṣàlàyé bí iná náà ṣe rí. Mo ṣàlàyé. Ó dákẹ́ díẹ̀.

"Ẹ̀yin Ìyá Bọ́lá, ṣé ẹ kọ epo sínú ìwé yẹn?"

20,000 ni mo kọ́kọ́ rà sí i.